B1 Jámánì: ṣé gírámà ló ń dá wa dúró nínú àkàyé, àbí ọ̀rọ̀ ni kò tó?

Nọ́ọ̀sìTóŃMúra

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Àwa nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ èdè Jámánì ti parí ìpele A2, a ti wọ ìpele B1 tó tẹ̀ lé e. Tábìlì der, den, dem, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, wà létè gbogbo kíláàsì wa. Bẹ́ ẹ jí wa lóru, a ó kà á láìṣì í. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àkàyé kalẹ̀, ọ̀rọ̀ tá a mọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìdáhùn kálukú á yàtọ̀. Tíṣà kan ní gírámà wa ni kò dúró. Òmíràn ní ká pa gírámà tì, ká máa kàwé ṣáá, pé yóò wọlé fúnra rẹ̀. Èwo ni ká ṣe? Ẹ wo gbólóhùn tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀:

Die Praxis nimmt ab Montag keine neuen Patienten mehr auf, weil die Ärztin in Rente geht.

Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ dókítà náà ń mú aláìsàn tuntun lọ́jọ́ Ajé. Ẹlòmíràn ní dókítà ń lọ háyà ilé.

TíṣàBódìjà

Ká tó dá ẹjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn náà palẹ̀ ná, torí ohun tó ṣì yín lọ́nà kò sí nínú tábìlì kankan.

Nimmt nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀. Auf tó wà létí kọ́mà lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ ni: aufnehmen, kí wọ́n gba èèyàn wọlé. Nehmen lásán ló jẹ́ “mú”. Kò yẹ kí èyí dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá, torí àwa náà ń la ọ̀rọ̀-ìṣe sí méjì lójoojúmọ́. Bàjẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí àbọ̀ bá dé, a ó ní “ó ba iṣẹ́ náà jẹ́”. Ẹni tó bá dúró sórí “ba” tí kò dé “jẹ́” kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ ni pé àbọ̀ nìkan kọ́ ló ń wọ àárín: ọjọ́, ibi, ìdí, gbogbo rẹ̀ ló lè kó síbẹ̀, tí ẹyọ kékeré tó kù á wá bọ́ sí ìparí pátápátá.

Keine … mehr ni “kò … mọ́” tiwa gẹ́lẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ab Montag ni láti ọjọ́ Ajé lọ, kì í ṣe ọjọ́ Ajé nìkan. In Rente gehen ni kéèyàn fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́; kò kan owó ilé rárá, Gẹ̀ẹ́sì ló tan ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà: láti ọjọ́ Ajé, wọn ò ní gba aláìsàn tuntun níbẹ̀ mọ́, nítorí pé dókítà náà, obìnrin ni, ń fẹ̀yìn tì.

Nínú ibi mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ nínú gbólóhùn yẹn, mẹ́ta jẹ́ ti gírámà, ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gírámà tẹ́ ẹ há sórí, ti ẹni tó ń kọ lẹ́tà ni, ẹni tó ní láti yan den tàbí dem fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé, wọ́n ti yàn án fún un tán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó rí i, kó sì mọ ohun tó ń sọ. Iṣẹ́ méjì ni, ìdánrawò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ ti kíkà, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ má tíì mú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ kọ́kọ́ wá kọ́mà, torí Jámánì kì í fi kọ́mà ṣeré: bí awẹ́ gbólóhùn afarahẹ bá wà, kọ́mà gbọ́dọ̀ là á sọ́tọ̀. Ẹ wá yí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ká nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú olórí awẹ́ gbólóhùn, èyí tó ń yí padà máa ń wà ní ipò kejì, ìyókù á wà ní ìparí. Bí awẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú weil, dass, wenn, ob, obwohl, damit, bevor tàbí nachdem, ìparí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé. Ẹ fò lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó padà wá ka àárín. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe náà láti mọ olùwà. Ìgbà yìí ló tó kan ìwé atúmọ̀ èdè, aufnehmen lẹ ó sì wá níbẹ̀, kì í ṣe nehmen.

ỌmọÌjẹ̀búÒde

Tíṣà, ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n jà fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìdajì àwọn tó ń sọ pé “gírámà ló ń yọ mí lẹ́nu”, ọ̀rọ̀ ni kò tó lọ́wọ́ wọn. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ mú àkàyé kan, ẹ ka ọ̀rọ̀ 100 síwájú, ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ máa kà á lọ. Bó bá ti tó márùn-ún, ẹ ó máa jìjàkadì, ṣùgbọ́n ẹ ó rí nǹkan mú. Bó bá kọjá mẹ́wàá, ẹ pa á dé, ìwé yẹn kì í ṣe tiyín báyìí. Gírámà tó dára jù láyé kò lè gbà yín níbẹ̀. Paul Nation, onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèwádìí èyí lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000: nǹkan bí 98 nínú ọ̀rọ̀ 100 ló yẹ kéèyàn mọ̀ kí ìwé ìtàn tó lè yé e dáadáa láìsí olùrànlọ́wọ́.

Goethe-Institut, àjọ tó ń kọ́ni ní Jámánì tó sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀, ní ìwé ọ̀rọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ti A1 tó nǹkan bí 650, ti A2 tó nǹkan bí 1,300, ti B1 sì tó nǹkan bí 2,400. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti A2 sí B1, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ó fi kún un ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ mẹ́wàá lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó gba bí ọ̀sẹ̀ méjìlélógún. Ẹni tó bá ní òun á fi oṣù kan péré ṣe é ń tan ara rẹ̀.

Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ọ̀rọ̀-orúkọ: der Termin, die Termine. Ọ̀rọ̀-ìṣe: warten auf, teilnehmen an, sich bewerben um. Ẹyọ kékeré tó tẹ̀ lé e yẹn lẹ ó fi dá a mọ̀ nínú àkàyé.

TíṣàBódìjà

Ọmọ Ìjẹ̀bú, a ò jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn méjì yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ A2 kò mọ̀ nínú wọn:

Den Chef hat die Kollegin schon informiert.
Der Nachbarin hilft mein Bruder.

Ta ló sọ fún ta? Ta ló ran ta lọ́wọ́? Bẹ́ ẹ bá kà á bí ẹni ń ka Yorùbá, ẹ ó ní ọ̀gá ló sọ fún akẹgbẹ́, aládùúgbò ló sì ran bùrọ̀dá lọ́wọ́. Òdì kejì ni méjèèjì. Nínú èdè tiwa, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ olùwà: “Adé na Òjó”, Adé ni ìkà. Jámánì fi iṣẹ́ yẹn sọ́wọ́ der, den, dem, wọ́n wá lómìnira láti gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ síwájú. Den kò lè jẹ́ olùwà láéláé. Dem náà kò lè jẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ẹ mọ̀ pé olùwà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ọ̀dàlẹ̀ inú wọn ni der. Níwájú ọ̀rọ̀ tí Jámánì kà sí ọkùnrin, olùwà ni. Níwájú èyí tí wọ́n kà sí obìnrin, ìyẹn ọ̀rọ̀ die, bíi Nachbarin, Frau, Schule, kì í ṣe olùwà: ó lè jẹ́ “fún un” tàbí “ti”. Níwájú ọ̀pọ̀, bíi “die Zimmer der Patienten”, “ti” ni: yàrá àwọn aláìsàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kéèyàn há die Schule papọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé Schule jẹ́ die kò lè mọ ohun tí der ń ṣe níwájú rẹ̀. Àwọn ìrù kan ń gbani lọ́wọ́ hílàhílo: -ung, -heit, -keit, -schaft, -tät, die ni gbogbo wọn, -chen, das ni.

ÌyáÌbejìHamburg

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń mú èèyàn nínú ìdánwò, àti nínú lẹ́tà onílé pẹ̀lú.

Àkọ́kọ́, müssen àti dürfen. “Sie dürfen hier nicht parken”: ẹ kò gbọdọ̀ páàkì síbí. “Sie müssen nicht anrufen”: kò pọn dandan kẹ́ ẹ pè, ẹ lè pè, ẹ lè má pè. Ẹni tó bá gba ti Gẹ̀ẹ́sì kọjá á ka müssen nicht sí èèwọ̀, á sì pàdánù ìbéèrè náà. Ẹ gba ti Yorùbá: “kò gbọdọ̀” fún dürfen nicht, “kò pọn dandan” fún müssen nicht. Abala karùn-ún nínú ìdánwò kíkà B1 ti Goethe, tó jẹ́ ìwé òfin ilé, òfin ibi ìkàwé, òfin ibi ìdárayá, orí irú nǹkan báyìí ló dúró lé.

Ìkejì, àsìkò. Halb acht ni aago méje ààbọ̀. Kì í ṣe mẹ́jọ ààbọ̀ o! Ọ̀pọ̀ ló ti fi èyí pẹ́ dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. “Das Büro öffnet erst um zehn”: àfi aago mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣí, bẹ́ ẹ bá dé mẹ́sàn-án ẹ ó dúró níta. Bis ni títí di, ab ni láti ìgbà yẹn lọ, spätestens ni ó pẹ́ tán, mindestens ni ó kéré tán, höchstens ni kó má jù bẹ́ẹ̀. Ìṣirò wọn kò sì yẹ kó le fún wa: einundzwanzig, ẹyọ ló ṣáájú ogún, bí mọ́kànlélógún ṣe rí náà nìyẹn.

Ìkẹta, àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe é. Bekommen ni “gbà”. Eventuell ni “bóyá”. Wer ni “ta”, wo ni “níbo”; ojú ti dà á rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Gift ni májèlé, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má gbà á bí ẹ̀bùn.

Nọ́ọ̀sìTóŃMúra

Ẹ ṣé gan-an mà. Ọ̀rọ̀-ìṣe werden (wird, wurde) ńkọ́? Ojú ìwé kan ṣoṣo, ó fara hàn ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò sì jọ pé ìtumọ̀ kan náà ló ní.

ÀǹtíLeipzig

Ìtumọ̀ mẹ́ta ló ní, ohun tó wà ní ìparí awẹ́ náà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, ó jẹ́ “di” tàbí kí nǹkan máa bẹ̀rẹ̀: “Sie wird Krankenschwester”, ó ń di nọ́ọ̀sì, “ich werde müde”, ó ti ń rẹ̀ mí. Bí odindi ọ̀rọ̀-ìṣe tó fi -en parí bá wà níbẹ̀, ti ọjọ́ iwájú ni: “Die Ärztin wird operieren”, dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ge- tàbí tó fi -t parí, àwọn ẹlòmíràn ló ń ṣe é fún ẹni náà: “Die Patientin wird operiert”, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn náà. Ẹ ṣọ́ra, àwọn kan fi -en parí síbẹ̀ wọ́n ní ge- níwájú, bíi gegeben, genommen. Ge- ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé níbẹ̀.

Ẹ wo operieren àti operiert dáadáa. Ìrù nìkan ló yà wọ́n, dókítà àti aláìsàn ló sì ń pààrọ̀ ipò.

Ọgbọ́n tó rọrùn jù fún ọmọ Yorùbá ni kó fi “wọ́n” túmọ̀ èyí tó gbẹ̀yìn. Nachts wird die Tür abgeschlossen: wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn lóru. Bẹ́ ẹ bá rí von lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ṣe é ti yọjú: “wird von der Nachtschwester abgeschlossen”, nọ́ọ̀sì òru ló ń tì í. Ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn kún fún irú gbólóhùn yìí: wird gewaschen, wurde verlegt, wurde informiert. Wurde ni ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyẹn sì mú mi rántí: wọ́n máa ń fi Perfekt, ìyẹn àtẹ̀yìnwá ti ẹnu, kọ́ wa láti sọ̀rọ̀, ich bin gegangen, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ń fi ging, kam, blieb, fand, gab, wurde kọ̀wé. Ẹni tí kò kọ́ wọn á máa wá ging nínú ìwé atúmọ̀ èdè láìmọ̀ pé gehen ni. Ẹ kó bí 40 tó wọ́pọ̀ jù jọ, ẹ kọ́ ọ débi tẹ́ ẹ ó fi dá a mọ̀ lójú. Kò pọn dandan fún B1 kẹ́ ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìwòwé.

ADáraLọ́rọ̀

Ẹ má gbàgbé sie. Sie kommt: obìnrin kan ń bọ̀. Sie kommen: wọ́n ń bọ̀. Sie kommen pẹ̀lú S ńlá láàárín gbólóhùn: ẹ ń bọ̀, ti ọ̀wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, S ńlá kò sọ nǹkan kan fún yín. Ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa fi obìnrin kan hàn; láti ya “wọ́n” sọ́tọ̀ sí “ẹ”, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká.

TíṣàBódìjà

Ó kù síbì kan. “Ó” tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ìyẹn ni ojú ọmọ Yorùbá ṣe ń fo er àti sie kọjá bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú àkàyé tí ọkọ àti ìyàwó jọ wà, ìyẹn lásán á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ ọkọ fún ìyàwó. Nǹkan pẹ̀lú ní tirẹ̀: bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí die Waschmaschine, tí gbólóhùn kejì ní “sie ist kaputt”, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló bàjẹ́, ẹ má wá obìnrin kankan. Níbi tí er, sie, es, ihn, ihm, ihr bá ti yọjú, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà padà sí ẹni tàbí ohun tó dúró fún. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan nìlà yẹn máa wúlò, lẹ́yìn èyí ojú á ti máa ṣe é fúnra rẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀búÒde

Kí n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ gígùn náà, torí ó máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ juwọ́ sílẹ̀. Krankenversicherungskarte. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Nínú Yorùbá, olórí ló ń ṣáájú: ilé-ìwòsàn, ilé ni. Nínú Jámánì, olórí wà ní ìdí: Krankenhaus, Haus ni. Nítorí náà Karte ni, káàdì, káàdì wo? Ti Versicherung, ìbánigbófò, ìbánigbófò wo? Ti àìsàn. Karte ló tún ń sọ pé die ni gbogbo rẹ̀. S tó wà láàárín kò ní ìtumọ̀, ó kàn ń so wọ́n pọ̀ ni, ẹ sì lè fi í mọ ibi tẹ́ ẹ ó ti gé e. Arbeitsunfähigkeitsbescheinigung: ẹ gé e níbi s méjèèjì, ìwé ẹ̀rí ló jáde, ti àìlèṣiṣẹ́. Ìwé tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni.

ÀǹtíLeipzig

Lórí ìdánwò Goethe B1 gan-an. Ìṣẹ́jú 65 ni ti kíkà, abala márùn-ún, ìbéèrè 30. 18 lẹ ní láti gbà kẹ́ ẹ tó ní máàkì 60 nínú 100, ibẹ̀ ni àṣeyọrí ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè àti fóònù kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti abala tó bá wù yín. Inú ìṣẹ́jú 65 yẹn náà lẹ ó ti kọ ìdáhùn sórí ìwé ìdáhùn, wọn kì í fún èèyàn ní àfikún, nítorí náà ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ bá ti parí abala kọ̀ọ̀kan.

Àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀: 10 fún ìkíní, 20 fún ìkejì, 10 fún ìkẹta, 15 fún ìkẹrin, 10 fún ìkarùn-ún. Ìkíní jẹ́ lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ ẹnì kan lórí ayélujára, ìbéèrè mẹ́fà, òótọ́ tàbí irọ́. Ìbéèrè sábà máa ń tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, ìdáhùn ìkẹta kì í wà ṣáájú ti ìkejì. Ìkejì jẹ́ ìròyìn méjì, ìbéèrè mẹ́fà. Ibẹ̀ ni gírámà tí Tíṣà ń sọ ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Ìkẹta jẹ́ ìpolówó mẹ́wàá fún èèyàn méje. Ẹ má ka ìpolówó náà tán. Ẹ ka ohun tí ẹni náà ń wá, ẹ fa ìlà sábẹ́ nǹkan méjì tí kò ṣeé yọ kúrò, bíi alẹ́ àti ọmọ kékeré, kẹ́ ẹ wá fojú wá wọn. Bí méjì bá jọ ara, nur (nìkan) tàbí außer (àyàfi) tàbí ab ló máa yà wọ́n. Ẹnì kan wà tí kò ní rí ìpolówó tó bá a mu, 0 lẹ ó kọ fún un. Èyí tí wọ́n ti lò fún àpẹẹrẹ, ẹ pa á rẹ́, kò tún ní wúlò.

Ìkẹrin ló ń pa èèyàn jù. Èèyàn méje ń sọ èrò wọn, bóyá lórí òfin kan. Ẹ ó sọ bóyá ẹni náà fara mọ́ ọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ wọn máa ń lòdì sí ìdajì kejì. “Zwar ist das Verbot gut gemeint, aber ich halte nichts davon.” Ẹni tó dúró sórí gut á kọ Ja. Zwar ń kéde pé aber ń bọ̀, ẹ̀yìn aber sì ni èrò ẹni náà wà. Halte nichts davon kò kan dídì mú rárá, ó ní nǹkan náà kò jọ òun lójú. Ẹ kó irú àpólà bẹ́ẹ̀ jọ sójú ewé kan: bin dafür (mo fara mọ́ ọn), bin dagegen (mo lòdì sí i), finde es richtig, lehne das ab, kann ich nicht verstehen, ist doch Unsinn. Ẹ ṣọ́ ìbéèrè náà pẹ̀lú: bó bá jẹ́ pé “ṣé ó fara mọ́ ìfòfindè” ni wọ́n bi yín, ẹni tó ní kí wọ́n fi àwọn èèyàn sílẹ̀ kó máa mu sìgá ti sọ Nein.

Ìkarùn-ún, Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Ìbéèrè mẹ́rin péré.

Nọ́ọ̀sìTóŃMúra

Ẹ ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Báwo la ṣe máa tò ó fún ọ̀sẹ̀ kan? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣiṣẹ́ òru.

TíṣàBódìjà

Àkàyé kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tó fún ìtúpalẹ̀, ọ̀rọ̀ bí 200 sí 300, kó má jùyẹn. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ kà á láìwo ìwé kankan, ẹ dáhùn ìbéèrè, ẹ wo aago. Ẹ má tíì wo ìdáhùn. Lọ́jọ́ kejì, pẹ́ńsù: kọ́mà, ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹyọ ìparí, ìlà fún er àti sie. Ẹ tún ìdáhùn yín ṣe bó bá yẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ wo ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ wá wo ìdáhùn. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ gbà lódì, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo fọ́ sí méjì tí n kò so padà, olùwà tí mo ṣì, ọ̀rọ̀ kékeré bíi nur, ìbéèrè tí n kò kà dáadáa. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ka ìwé náà. Ẹni tí “ọ̀rọ̀” bá pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀, kó tẹ̀ lé ti Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ti olùwà bá pọ̀ jù, kó wá padà sí tábìlì, nígbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ pa ìwé dé, kẹ́ ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kan ní Yorùbá. Mo ní Yorùbá, torí bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, a máa ń kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ kó yé wa. Ẹ kò lè sọ “wọ́n kò gba aláìsàn tuntun mọ́” ní Yorùbá bí ẹ kò bá tíì rí keine, mehr àti auf.

ỌmọÌjẹ̀búÒde

Fún ìyókù ọ̀sẹ̀, kíkà fẹ́ẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, èyí tí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kò mọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí pẹ́ńsù, kò sí ìwé atúmọ̀ èdè àyàfi tí ọ̀rọ̀ kan bá yọjú lẹ́ẹ̀mẹta. Deutschlandfunk ní Nachrichtenleicht, ìròyìn ní gbólóhùn kúkúrú, wọ́n sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó le. Deutsche Welle ní ìròyìn tí wọ́n ń kà díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyẹn le díẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ B1. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, kó kà á kó tó sùn lówùúrọ̀, kó fi ìtúpalẹ̀ sí ọjọ́ ìsinmi.

Àpẹẹrẹ ìdánwò tó wà lórí ìkànnì Goethe, ẹ má jẹ gbogbo rẹ̀ tán níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan pa mọ́ de ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdánwò, kẹ́ ẹ ṣe é ní ìjókòó kan, ìṣẹ́jú 65.

Nọ́ọ̀sìTóŃMúra

Ẹ jẹ́ kí n dán kan wò, látinú ìwé òfin ilé kan: Der Müll muss bis spätestens 7 Uhr hinausgestellt werden. Bis: títí di. Muss: ó pọn dandan. Hinausgestellt werden: ge- wà níbẹ̀, nítorí náà “wọ́n”. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbé ìdọ̀tí síta kó tó di aago méje. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀?

ÌyáÌbejìHamburg

Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni “wọ́n” yẹn o, ayálégbé. Aago méje àárọ̀ ni pẹ̀lú, torí ti alẹ́ ni wọ́n máa ń kọ ní 19 Uhr.

Nọ́ọ̀sìTóŃMúra

Á à! Ẹ ṣé mà. Bí kíkà nìkan bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ṣé gbogbo ìdánwò ló máa tún ṣe?

ÀǹtíLeipzig

Rárá. Kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ, ẹ̀ka mẹ́rin ni ní B1, kálukú ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, 60 ni máàkì àṣeyọrí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá bọ́ nìkan lẹ ó tún san owó rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbà yín síṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó: fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, B2 ni wọ́n sábà ń béèrè, nítorí náà ẹ ṣírò owó àti oṣù ti B2 mọ́ ọn láti ìsinsìnyí.